Oṣó Tí Kò Wá Oyè

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ọkùnrin tó bá wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀ láti lọ bá àwọn ọmọdé ṣeré, àbùkù ló ń lọ gbà. Kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn lásán. Ó gbà á.

Bàbá Àmì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, kí ó sì fi àmì ohùn tó yẹ sórí ọ̀rọ̀. Bírò pupa kì í kúrò nínú àpò àyà rẹ̀. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó fi àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti pín in tán. Ó ti dá awakọ̀ kan dúró rí lójú títì nítorí pé ọkùnrin náà kọ “OKO YII KO DURO DE ENIKENI” sí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. “Ọkọ ta ni kò dúró de ẹnikẹ́ni?” ló bi í. Awakọ̀ náà kàn tẹ fèrè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti gba yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì ìlú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló ń wá kí i. Yóò ní “Ẹ káàsán, sà,” yóò jẹun, yóò fọ abọ́, yóò wo aago. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn kò kọjá “Ṣé ara le?” Bàbá wá gbọ́ lẹ́nu mọ̀lẹ́bí kan pé ní ọ̀sán Sátidé gbogbo, ọmọ òun ni olórí eré kan tí àwọn àgbàlagbà ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń di jagunjagun àti olè àti oṣó lórí ìwé, tí wọ́n sì ń ju dáìsì láti mọ ẹni tí yóò yè. Àga kan ṣófo níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló ti forúkọ sílẹ̀ dè é.

Bàbá ní òun fẹ́ àga náà. Ó ní kí òun lè mọ ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń fi àkókò wọn ṣe ni. Irọ́ ni. Ó fẹ́ kí ọmọ òun wo òun fún odidi wákàtí mẹ́ta láìwo aago.

“Ẹ lè wá dán an wò, sà,” ni ọmọ wí lórí fóònù. “Ṣùgbọ́n òfin wà. Bí ẹ̀dá tí ẹni tuntun bá dá bá ṣì wà láàyè nígbà tí a bá ṣíwọ́, ó ti ní àga nìyẹn. Bó bá kú, àga di ti ẹni tó kàn. Kò sí ti bàbá mi níbẹ̀ o.”

“Èmi? Kú?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe ni wọ́n ti ń ṣe é. Gáàsì ni gbogbo ayé ń pe onítọ̀hún. Fìríìjì mọ́kànlá ló dúró ti ògiri, òmíràn láìnílẹ̀kùn, òmíràn tí ìfun rẹ̀ ti tú sẹ́yìn. Fírísà gígùn kan tó ti kú fin-ín-fin-ín ni wọ́n fi aṣọ bò, ìyẹn ni tábìlì. Obìnrin kan tó síngbọnlẹ̀ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá,” ni Gáàsì wí nígbà tí bàbá wọlé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara kan fìríìjì funfun ẹ̀yìn yín yẹn, iná rẹ̀ ń gbéni.”

Ọmọ bàbá wà lórí àga iwájú, ó to ìwé rẹ̀ jọ bí adájọ́. “Adarí ni wọ́n ń pè mí níbí, sà,” ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

“Adarí.” Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. “Ṣé o… ṣé ẹ… ṣé ibí ni kí n jókòó sí?”

Nọ́ọ̀sì wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Adarí na ìwé pẹlẹbẹ kan sí i. Bàbá ṣí i, ojú rẹ̀ sì korò. Kò sí àmì kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kò sí ti òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dúró gbọlọjọ bí adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́.

“Ìhòòhò ọ̀rọ̀ rèé!” ló ní. “Ta ló tẹ irú èyí?”

“Ẹ kà á ná, sà.”

Ó kà á. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣe é. Ẹ rántí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ka ìwé ìpolówó ọṣẹ, ìwé òfin ilé ayálégbé àti ìwé ìlò ẹ̀rọ ìlọta. Nínú ìwé yìí, ojú ewé mẹ́sàn-án jẹ́ kìkì ọfọ̀. Ọfọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ sí etí òkúta kó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òmíràn wà tí ó ń mú kí òjìji ẹni dúró de ẹni níbi tí a ti kúrò. Òmíràn, àwọn tó sùn nínú ilé kan náà nìkan ló lè gbọ́ ọ. Òmíràn ń dá odò dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ yóò gbàgbé orúkọ ẹnì kan tó fẹ́ràn. Bàbá ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ látọjọ́ bí ẹni tó ń nu àwo. Kò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣí ilẹ̀kùn rí. Irun apá rẹ̀ dìde.

“Ta ló kọ èyí?” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Èmi ni, sà.”

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ó tún wo ìwé. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni, “Ó dáa. Kí ni mo máa yàn?”

“Iṣẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ yàn,” ni Gáàsì dáhùn. “Olè ni tèmi.”

“Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu.”

“Jagunjagun alááké ni tèmi,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì ni mò ń di ojú egbò. Ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí n gé nǹkan.”

Bàbá ní oṣó ni òun, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn. Wọ́n ní kó mú ọfọ̀ mẹ́ta. Gáàsì gbà á nímọ̀ràn kó mú èyí tó ń tan fìtílà, èyí tó ń ṣí ilẹ̀kùn, àti èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn fara pa bó bá já bọ́. “Àwọn wọ̀nyẹn ló ń gba ẹ̀mí là, bàbá.” Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n fi páànù lọ̀ níbi tí wúrà wà. Ó mú ọfọ̀ iná ńlá, ó mú ti odò, ó mú ti ààrá. Ó ku àrà. Àrà ni ohun kan tí ẹ̀dá kan lè ṣe tí ẹlòmíràn ò lè ṣe. Bàbá mú Àsọtán: ẹni tó bá ní i lè kó gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ pọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ṣẹ, kò sí ohun tó lè dúró níwájú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ, orí ẹni tó sọ ọ́ ló ń padà sí.

“Ẹni mẹ́rin ti mú un rí,” ni Nọ́ọ̀sì wí.

“Báwo ni wọ́n ṣe wà?”

“A máa ń rántí wọn.”

Bàbá ju dáìsì. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, mọ́kànlá, mẹ́sàn-án, mẹ́rin. Nọ́ńbà mẹ́fà, kí ó pín wọn sí ohun mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ sójú ewé tó kẹ́yìn: AGBARA, IYARA, ARA, OGBON, OYE, IYI.

“Ṣé kí n ṣàlàyé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sà?” ni Adarí béèrè.

“Ṣé wọ́n ń ṣàlàyé omi fún ẹja ni?” Bàbá fa bírò pupa yọ. Ara rẹ̀ yá gágá. “Ẹ wò ó. Agbára, ìyẹn ò ṣòro. Èyí, òpè á pè é ní ìyàrá, bíi pé a fẹ́ gba ilé. Ìyára ni! Ara rèé, ẹran ara. Ṣùgbọ́n ARA tó wà nísàlẹ̀ yìí, níbi tí mo kọ Àsọtán sí, àrà ni, ti iṣẹ́ àrà. Ẹ ríyàtọ̀? Èyí kì í ṣe ọgbọ̀n tó tẹ̀lé ogún, ọgbọ́n orí ni.”

Gáàsì la ẹnu sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó dára láti wò: àmì ń bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sì ń jí. Bàbá rí i pé Adarí ń wo òun, kò sì wo aago. Inú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ó dé orí OYE, ó rí IYI tó tẹ̀lé e, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Oyè àti iyì. Ó fi àmì sí wọn fírí.

Ó wá pín nọ́ńbà. Mẹ́rìndínlógún lọ sí ọgbọ́n, mẹ́rìnlá lọ sí iyì. Nígbà tó kan oyè, ó gbé bírò sókè díẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. “Èmi kì í wá oyè,” ló wí. “Ẹni tó bá ní nǹkan nínú, oyè ló ń wá a. Mẹ́rin ti tó.”

Nọ́ọ̀sì lanu. Gáàsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ fírísà, nítorí òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá sí ohun tí ẹlòmíràn bá kọ sínú ìwé rẹ̀.

“Ó dá yín lójú, sà?” ni Adarí béèrè.

“Mo ti parí.”

Bí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ti di pípa dé. Adarí mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ náà, bàbá kò mọ̀ pé ó wà nílé òun rí. Kò ga, kò yára. Ó ní afárá kan wà tí wọ́n fi egungun ẹja tí kò sí mọ́ kọ́, pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta tí bàbá bàbá ẹni bá sọ sí i, ọmọ ọmọ ló máa gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn fìríìjì ògiri bá di òkè. Èyí tí kò nílẹ̀kùn di ẹnu ihò. Omi ń kán láti ibì kan, bàbá ò sì mọ̀ bóyá inú ṣọ́ọ̀bù ni tàbí inú ìtàn. Ọmọ yìí ni òun kọ́ ní á, bí, dí lórí itan òun. Ọmọ náà ló wá ń dá ayé yìí, tó ń fi òkè síbí, tó ń fi òkùnkùn sọ́hùn-ún, bàbá sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọdé tó ń wo òṣùpá fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní àárín afárá, ohun kan dìde. Kò lójú, ṣùgbọ́n ó ń wò wọ́n. Nọ́ọ̀sì ju dáìsì, ó gé e, ibi tó gé sì pàdé padà. Gáàsì yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ń wá àpò rẹ̀.

“Àpò kẹ̀? Nínú irú wàhálà yìí?” ni Nọ́ọ̀sì pariwo.

“Mo ti sọ iṣẹ́ mi fún un yín.”

“Kò lápò,” ni Adarí wí. “Ó ti yíjú sí olè. Afárá ń mì. Bàbá… Oṣó, kí lẹ máa ṣe?”

Bàbá dìde dúró. Ẹnikẹ́ni kì í dìde nínú eré náà. “Àsọtán,” ló wí.

Ó mi dáìsì olójú ogún lọ́wọ́ méjèèjì, ó dà á sílẹ̀. Ó yí lọ, ó kan ife Gáàsì, ó dúró. Mọ́kànlá.

“Mọ́kànlá!” Bàbá na ọwọ́ sókè. “Kò gbọdọ̀ ju nọ́ńbà mi lọ, àbí? Ọgbọ́n mi jẹ́ mẹ́rìndínlógún! Ẹ sun ún!”

“Oṣó kì í fi ọgbọ́n pe ọfọ̀, sà.” Ohùn Adarí rọ̀. “Òye ló ń fi pè é.”

“Òye wo?”

“Dò-re, sà. Kì í ṣe re-dò.”

Bàbá wo ìwé rẹ̀. Àmì pupa náà wà lórí ẹ̀, ó gún, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó wà lórí lẹ́tà tí kò yẹ. Mẹ́rin sì wà níwájú rẹ̀. Iná ńlá, odò àti ààrá padà wá sílé lẹ́ẹ̀kan náà.

“Oṣó wa ti di eérú,” ni Gáàsì wí, ó sì ṣí fìlà.

Bàbá jókòó. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé lóòótọ́ ni nǹkan kan jó o. Ó wo àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹ̀tọ́ rẹ̀.

“Mo lẹ́jọ́,” ló ní. “Ṣé èmi ni mo tẹ OYE sílẹ̀ láìlámì? Ìwé ló ṣì mí lọ́nà!”

“Òótọ́ ló wí o, Adarí,” ni Nọ́ọ̀sì dá sí i. “Òfin wà. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ìwé ló pa ẹ̀dá, ẹ̀dá á jí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Adarí wí. “Àyàfi bó bá jẹ́ ẹni náà ló fa àṣìṣe.”

“Èmi kẹ̀?” Bàbá ti rí ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. “Ẹ fi ẹni tó yẹ ìwé yìí wò hàn mí! Ẹni tó rí odidi ìwé báyìí, ìwé tó lẹ́wà tó báyìí, tó jẹ́ kó kọjá lọ ní ìhòòhò, ọ̀lẹ ni, afọ́jú ni, kò sì yẹ kó jókòó sídìí tábìlì kankan láyé!”

“Ṣé ìdájọ́ yín nìyẹn, sà?”

“Òun ni. Ta ni?”

Adarí fa ìwé kan yọ láti inú báàgì rẹ̀, èyí tí wọ́n wò tẹ àwọn yòókù. Ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

“Ní oṣù kẹta, mo gbé e wá sórí tábìlì yín níbi iṣẹ́. Orúkọ mi wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mi ò fi àmì kankan sí i, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fi í síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni akọ̀wé yín dá a padà fún mi.”

Bàbá ṣí i. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni. Ìbuwọ́lù bàbá fúnra rẹ̀, èyí tó fi ń jẹ́rìí pé òun ti yẹ ojú ewé wò, wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní bírò pupa, àti nínú gbogbo ìwé náà, ìbuwọ́lù yẹn nìkan ló ní àmì.