Kò Sí Problem Nílé Wa

Problem wo? Problem wo nìyẹn, Ṣùbòmí? "Mummy I get problem." Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo pè é lójú ẹsẹ̀ — ó ti pa fóònù. Mo ti pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Obìnrin inú fóònù yẹn ṣáà ń tún ohun kan náà sọ fún mi, bí ẹni pé mo dití.

Kí n fara balẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu wọn. Gáàsì tán, problem. Wọ́n dirun fún un, ó le jù, problem. Ó ń wá bàtà ẹsẹ̀ kan, "Mummy, problem dey o," bàtà ọ̀hún rèé lábẹ́ àga! Ọmọ tí mo bí sí Bìní, tí mo tọ́ sí Oregbeni, bí mo bá fi Yorùbá bá a wí, Pidgin ni yóò fi dá mi lóhùn. Yorùbá ní ìṣòro, ó ní wàhálà, ó ní ọ̀ràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe wúwo tó. Èèyàn á ti mọ bí òun ṣe máa sáré tó. Ṣùgbọ́n problem... bàtà ni o, òkú ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Bàbá Làmídì tó ń ta ìkòkò lọ́jà Ekiosa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níwájú mi yìí. "Màdáámú, ẹ̀rọ yín gbé káàdì mi mì, kò sì bì í o." Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sọ problem yín fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ ti òjò tó ká wọn mọ́ ọ̀nà, wọ́n sọ ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, mo ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mi ò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń jókòó ní báǹkì yìí, tí àwọn èèyàn ń wá rojọ́ fún mi. Ọ̀gá wa a máa ní etí mi ni wọ́n ń sanwó fún.

Ṣé oyún ni? Èèwọ̀! Àbí ó já bọ́ lórí ọ̀kadà? Bó bá já bọ́, ṣé á lè tẹ fóònù — rárá, mi ò fẹ́ rò ó. Kì í ṣe ìpín wa. Ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ á ní ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ pe ọ̀ràn, ọ̀ràn á jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ibà ń mú ọ gbọ̀n, wọ́n ní ara ńkọ́, o ní ara le. Bí mo ṣe tọ́ Ṣùbòmí náà nìyẹn. Bó bá fẹ́ sọ pé òun níṣòro, màá ní, "A ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ! Sọ pé kò sí problem." Á sì sọ ọ́. Mo máa ń... mo máa ń fi í yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbí ti ọ̀gá ẹ̀ ni? Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ fọ́tò ní Uwasota...

Dúró ná.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ilé ìdáná la wà, mo ń ṣan ẹ̀fọ́. Kí ló sọ? "Mummy, I no like as my oga dey hold me if shop don empty. I get problem." Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ kedere, ó tún ń wojú mi. Èmi ńkọ́? Ọwọ́ tó tutù fún omi ẹ̀fọ́ ni mo fi bò ó lẹ́nu. "Kì í ṣe ìpín ẹ! Sọ ọ́ kí n gbọ́!" Ó yọ ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu. "No problem, Mummy."

Oṣù mẹ́ta rèé. Ibi iṣẹ́ ńkọ́? No problem. Ó rù, mo bi í, no problem. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí kò fẹ́ jáde, mo fi ariwo lé e dé ẹnu géètì. Mo sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́! Ìwọ Morọ́láyọ̀, ò ń dúpẹ́! Àjèjì tó ń ta ìkòkò, o ní kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí o bí, o... Láàárọ̀ yìí ó tún gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ẹ̀rù ló bà á tó fi pa fóònù, ó mọ ohun tí mo máa sọ.

Fóònù ń gbọ̀n. Òun ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni.

"No vex Mummy. No problem again."

Mo ti wà lórí ìdúró, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹlòmíì lè kà á kó gbà á gbọ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ náà.