Ìbúra Petrona

Adájọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ó kàn ń tẹ̀lé òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni. Òfin sọ pé bí ọmọ àlejò bá wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, tí ilé ẹjọ́ sì gbà pé òbí rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọ̀nà wà fún un láti gba ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n ní Florida níbí, ó gbọ́dọ̀ gba ìdájọ́ yẹn kó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí Micaela pé e.

Èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Dominga lorúkọ mi. Òkè San Miguel Acatán, níbi tí Micaela ti wá, ni wọ́n bí èmi náà sí, ogun ló lé mi dé Lake Worth ní Florida níbí, mo sì fi ọdún méjìlá já ata lóko olóko kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ èdè wa ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo máa ń gbé kiri. Ti Micaela yìí, èmi gan-an ni mo dá a sílẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Petrona ìyá rẹ̀ fi í lé Matías lọ́wọ́ pé kó mú un wá sí Amẹ́ríkà. Matías ni àbúrò bàbá rẹ̀. Bàbá ti kú, àgbàdo ọdún náà kò sì yọ. Nígbà tí wọ́n dé, Matías fi ọmọ sídìí iṣẹ́ kíkó ata sínú páálí, ó sì ń fi bẹ́líìtì nà án bí ẹni ń na ẹran. Olùkọ́ kan ló rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjọba gba ọmọ, wọ́n ti Matías mọ́lé, wọ́n sì dá a padà sí abúlé. Ilé kejì sí ti Petrona ló jókòó sí báyìí, tó ń mutí, tó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọjọ́ tí Micaela bá padà dé, àdá lòun máa fi kí i káàbọ̀.

Bí Micaela kò bá rí ìwé gbà, ọ̀dọ̀ àdá yẹn ni wọ́n ń dá a padà sí.

Hollis, lọ́yà tí ìjọba yàn fún un, bá wa jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ṣebí bàbá ọmọ ti kú, ṣé ìyẹn ò tó?

"Adájọ́ yìí ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé òkú kì í kọ ọmọ sílẹ̀," ló fi dá mi lóhùn. "Ìyá ló kù. Ẹ sì sọ fún un pé tó bá gba ìwé lọ́nà yìí, kò lè fi ìwé náà mú ìyá rẹ̀ wá síbí láéláé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Micaela wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfin.

"Màmá Dominga, ẹ sọ fún un pé mi ò sọ ọ́."

"O ò tíì gbọ́ tán."

"Mo ti gbọ́. Kí n dìde níwájú adájọ́ kí n ní ìyá mi jù mí nù. Ìyá mi tó ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Sunday, tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, àfi bíi pé òun ló máa wá gbé e fún mi!"

"Ṣé àdá Matías ló wá wù ẹ́?"

"Kó wá. Tó bá tiẹ̀ ṣá mi, ilé ìyá mi náà ni mo wà."

"Orí ẹ pé báyìí?" Inú bí mi débi pé Hollis béèrè ohun tí à ń sọ. Mo ní ọmọ náà ṣì ń rò ó.

Mo jáde síta, mo dúró nídìí mọ́tò mi nínú oòrùn, mo pe Petrona. N kò sọ fún ọmọ.

"Àǹtí Dominga! Ṣé ọmọ mi ti sanra? Ọrùn rẹ̀ nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn rí bí ọrùn adìyẹ tí òjò pa!"

Mo ṣàlàyé. Mò ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé irọ́ ni ẹ ní kí n pa?"

"Kì í ṣe irọ́ tán. O fi í ránṣẹ́ ní kékeré, o ò sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ tẹ̀lé e."

"Kí ni n bá fi ránṣẹ́? Èmi tí mò ń se ewé jẹ!"

"Mo mọ̀. Òfin ò bi wá nídìí."

"Tí mo bá sọ ọ́, Matías ò ní fojú kàn án?"

"Kò ní fojú kàn án."

"Ó tán nìyẹn. Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ka?"

"Má sì pè é mọ́ o. Tí adájọ́ bá gbọ́ pé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́."

N kò sọ títí dìgbà wo. Ìkánjú ni. Ọlọ́run mọ̀ pé ìkánjú ni.

Ó yẹ kí n rántí irú èèyàn tí a jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ka ìwé sí ẹ̀rí, torí ìwé ni wọ́n fi gba ilẹ̀ mọ́ àwọn bàbá wa lọ́wọ́. Ẹ̀rí ni ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú Àgbélébùú, tí àbẹ́là ń jó, tí ará ìlú ń gbọ́. Ẹni tó bá yẹ̀ kúrò lórí irú ìbúra bẹ́ẹ̀, orí ẹni tó tìtorí rẹ̀ búra ni ìyà rẹ̀ ń já lé. Petrona tẹ̀ka sí ìwé lọ́jọ́ Thursday. Nígbà tó di Sunday, ó tan àbẹ́là mẹ́rin, ó sì kígbe sọ ọ́ níwájú Àgbélébùú kí ó lè múlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin abúlé kò bá a rìn lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọgbàdo mọ́.

Èmi ni mo ka ìwé náà sétí Micaela ní kóòtù. *Èmi Petrona, mo ju ọmọ mi nù, n kò sì fẹ́ ẹ mọ́.* Kò sunkún. Adájọ́ bi í bóyá ó ní ohun kan láti sọ.

"Ó ti sọ ọ́ tán," ló ní.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù nígbà tí ìdájọ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́. Hollis bọ̀ mí lọ́wọ́. Micaela bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kó sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní èmi ni. Ó pe ìyá rẹ̀ lójú mi. Fóònù dún títí, kò gbé e. Bó ṣe rí nìyẹn ní Sunday tó tẹ̀ lé e, àti ní gbogbo Sunday tó kù. Mo pe olùkọ́ ìjọ wọn ní abúlé, òun ló ròyìn àbẹ́là mẹ́rin náà fún mi. Ó ní Petrona ní òun ò lọ́mọ. Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Èyí ń gbọ́ ọ, ó sì ń di etí.

Ọdún márùn-ún la fi dúró de káàdì ìgbélùú. Ọdún tó jáde ni ọtí pa Matías. Èmi àti Micaela jọ wọ bàálù, a wọ bọ́ọ̀sì, a sì fẹsẹ̀ gun òkè.

Petrona wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yín àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àlejò. Ta lẹ ń wá?"

"Màmá," ni Micaela wí.

"Ẹ jókòó, kí n bu kọfí fún yín."

Ó ń bù ú, ìdajì ń dà sílẹ̀. N kò lè pa á mọ́ra.

"Petrona, ó tó gẹ́ẹ́! Ìwé ti jáde. Adájọ́ yẹn gan-an ti fẹ̀yìn tì."

"Ẹ̀yin lẹ mọ adájọ́ yín, Àǹtí Dominga. Àgbélébùú ni mo sọ tèmi fún. Kì í fẹ̀yìn tì."

Micaela yọ káàdì náà, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Petrona nu ọwọ́ sára aṣọ, ó mú un, ó sún fọ́tò náà mọ́ ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Àtàǹpàkò tó fi tẹ̀ka sí ìwé ọjọ́ náà ló fi ń ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú fọ́tò. Ó sì dá a padà.

"Ọmọ tó dára ni," ó ní. "Ó ti sanra. Ìyá rẹ̀ á máa dúpẹ́."

Micaela mu kọfí rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ bí àlejò ṣe ń dúpẹ́, a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ bọ́ọ̀sì.