Ọmọ Ògùn ní Pápá Sùúrùlérè

Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n ní mo ti wá, mi ò dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kí n tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì nìyẹn, òkú la lọ sin. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo ti rákò, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọkùnrin tó ń fi òkúta ṣe ojú gólì sáàárín títì, tí wọ́n á sá fún mọ́tò, tí wọ́n á tún padà wá. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun pé kí n dárúkọ ìlú mi, Èkó ni màá wí kí n tó lajú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin lọ́dún 1991 kò jí mi bi mí. Wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí pápá ìṣeré Sùúrùlérè, wọ́n sì ní ibi tí bàbá ọmọ bá ti wá ni ọmọ ti wá. Ibi tó ń sùn kò kàn wọ́n. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù nílé ìwé wá bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun wá bí wọ́n á ṣe fi mí sínú ikọ̀ Èkó. Bàbá mi, Akínyẹlé tó ń ta bọ́tìnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní Tejúoṣó, kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ìjẹ̀bú ni wá," ló wí. "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ọmọ mi á gbá a fún Ògùn."

Odò tó ń sọ̀rọ̀ yìí, Ọdún Àjíǹde ìjẹrin ló fojú kan orísun rẹ̀ kẹ́yìn. Tíṣà wò mí, mo wolẹ̀, torí a kì í bá bàbá ẹni jiyàn níwájú àlejò. Bí wọ́n ṣe yọ mí kúrò lára Fàrídà nìyẹn.

Èmi àti Fàrídà, ojúlé kan náà là ń gbé. Ọmọ Mushin àtijọ́ ni bàbá tirẹ̀, ó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Ládìpọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè ibi tó ti wá. Èmi a máa gbá ẹ̀yìn, òun a máa gbá iwájú. Bí mo bá ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni kan, mi kì í wojú ẹnikẹ́ni. Màá kàn gbọ́ "Àbẹ̀ní!" ni, ibi tí ohùn yẹn bá ti wá ni màá gbá a sí, Fàrídà á sì ti wà níbẹ̀.

Ọmọ́níkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Àbẹ̀ní ni oríkì tí ìyá mi fún mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá mi. Àwọn ará ilé bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ lo oríkì, nítorí náà nígbà tí ìyá mi kú, díẹ̀ ló kù kí oríkì náà bá a lọ. Fàrídà ni kò jẹ́. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi láti kékeré, ó sì gbà á pè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá pe èèyàn lóríkì, orí rẹ̀ á wú, ara á dáhùn kí ẹnu tó jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lára mi, pàápàá lẹ́yìn ikú ìyá mi.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n kó ikọ̀ Ògùn sí láti múra sílẹ̀, nínú ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba họlidé. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọn kò nà mí, wọn kò yọ ẹran lábọ́ mi. Wọ́n kàn ti mọ ara wọn tipẹ́ ni. Èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ, wàràwàrà, tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí mo bá fi máa lóye ìdajì, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí èmi bá sì lanu, Yorùbá Èkó tó bá jáde níbẹ̀ á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Olúwatóyìn, balógun ikọ̀ wa, ló sọ mí ní Ọmọ Èkó, kò sì sẹ́ni tó tún bèèrè orúkọ mi. Màá gbé abọ́ oúnjẹ mi lọ sẹ́bàá kànga, màá dá jẹun níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà, ó sì ń dùn mí wọra. Bàbá mi ni kò kọ́ mi ní èdè rẹ̀, èmi ni mo wá ń jẹ gbèsè ẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn wí pé "tiwa ni Ọmọ́níkẹ́." Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí bàbá mi wá jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Ògùn, kí n lè rí ojú ẹnì kan tó wá nítorí tèmi. Nígbà tí wọ́n pín wa mọ́ra, tó jẹ́ pé Èkó gan-an la máa pàdé kí ẹni tó bá yege tó lọ sí àṣekágbá, bàbá mi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń ná Ìjẹ̀bú. Ó ní òun ń bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ògùn lòun máa jókòó sí. Ó ní bí eré bá ti parí, òun máa dúró dè mí lẹ́nu géètì, ká jọ relé. Mo ní kí awakọ̀ náà tún un wí.

Lọ́jọ́ eré, bí bọ́ọ̀sì wa ṣe já sí Ojúẹlẹ́gbà, gbogbo àwọn ọmọ náà ń na ọrùn wo ojú fèrèsé. Èmi nìkan nínú ọkọ̀ náà ni mo mọ ibi tí a wà, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ògùn kò kún. Àwọn òbí díẹ̀ ni, tí wọ́n ṣí agboòrùn sórí. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí bàbá mi. Apá ti Èkó ń hó yèè, gbogbo àdúgbò wa ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mi nínú jẹ́sì Ògùn, ẹnì kan kígbe pé, "Níkẹ́! Kí lo wá lọ sọ́hùn-ún?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, àmọ́ kò dùn mọ́ mi.

Fàrídà sáré wá bá mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. "Báwo ni, ọmọ Ìjẹ̀bú! O ti rù o. Àbí gààrí nìkan ni wọ́n ń fún yín ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí mi lójú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi ṣàwàdà. Bí mo ṣe yíjú, Olúwatóyìn ló ń wò wá.

"Ọmọ Èkó," ló wí, "òní la máa mọ ẹni tó ni ẹ́."

Mo gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe gbá a rí. Gbogbo àrà tí Fàrídà ní lẹ́sẹ̀, ojú mi ló ṣe kọ́ ọ, kò rí èyíkéyìí fi gbé mi ṣubú. Mo lé e títí ó fi ń mí hẹlẹ. Ní ìlàjì kejì, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan tí gólì-kípà wa kò lè mú. Mo ju ara mi sílẹ̀, mo fi orúnkún yọ ọ́ kúrò lójú gólì. Nígbà tí mo dìde, Olúwatóyìn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó gbá mi lẹ́yìn.

"O káre, Ọmọ́níkẹ́!"

Ọmọ́níkẹ́ ló pè mí. Ìrora kúrò lórúnkún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ sí i, pé bí a bá lè di ojú gólì wa mú bẹ́ẹ̀ títí dópin, màá bá wọn tàkúrọ̀sọ nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò tíì sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò sì ní pẹ́ mọ́ tí rẹfirí máa fọn fèrè ìparí, nígbà tí mo gba bọ́ọ̀lù kan nítòsí ojú gólì wa. Olúwatóyìn wà níwájú, ó nawọ́ sókè. Mo rí i. Mo ti ń gbé ẹsẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi, lápá òsì.

"Àbẹ̀ní!"

Látìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Inú mi ti dùn kí n tó ronú, ẹsẹ̀ mi sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré. Mo yí, mo gbá a síbi tí ohùn náà ti wá, wẹ́rẹ́, bí mo ṣe máa ń gbá a fún un ládùúgbò. Fàrídà gbà á. Gólì-kípà wa kò tíì mira tí bọ́ọ̀lù fi wọlé.

Apá ti Èkó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi. Ó wà láàárín bàbá Fàrídà àti bábà tó ń gẹrun ládùúgbò wa, ó fò sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá mi nínú pápá. Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Bí eré ṣe parí nìyẹn. Àwọn ọmọ Ògùn kò bú mi. Olúwatóyìn nìkan ló wá dúró síwájú mi.

"A gbọ́ ẹni tó pariwo Àbẹ̀ní," ló wí. "Orúkọ ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kọ́ ni Ọmọ́níkẹ́?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Láti Ìsẹ́yìn ni, àbí láti orí òkúta tí a fi ṣe ojú gólì? Ó yíjú, ó lọ bá àwọn yòókù.

Fàrídà dé, òógùn bò ó, ó dì mọ́ mi. "Má bínú jọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù ni."

"O mọ̀ pé màá gbá a sí ẹ."

"Mo mọ̀ dáadáa! Ta ló tún mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn? Ìdí tí mo fi pè é nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yangàn, kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rárá. "Wá, jẹ́ ká máa lọ sílé. Fàájì wà ládùúgbò lónìí."

"Orúkọ tí ìyá mi fún mi lo fi dẹ mí," ni mo wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Níkẹ́, eré ni náà."

"Má pè mí ní Àbẹ̀ní mọ́ láyé ẹ."

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá ṣẹ́gun mi lágbára, màá kí i. Àmọ́ ibi kan ṣoṣo tí ara ti ń tù mí ló gbà wọlé.

Kóòṣì wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ilé yín kò jìnnà síbí. Bí o bá fẹ́ máa lọ bá bàbá ẹ, lọ. A á fi ẹrù ẹ ránṣẹ́. Àmọ́ a ṣì ní eré ipò kẹta." Mo rò ó wò. Bí mo bá délé, wọn kò ní bá mi wí. Wọ́n á gbé Fàrídà sọ́rùn, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà, wọ́n á ní Níkẹ́ wa ló fún un ní bọ́ọ̀lù. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbà. Mo ní mò ń bá wọn padà. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá.

Èrò ti kún ẹnu géètì nígbà tí a dé ibẹ̀, awakọ̀ wa ń rọra rìn. Wọ́n ń hó lé wa lórí, wọ́n ń kọrin. Bàbá mi wà láàárín wọn. Ìgò Fáńtà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó ti mu ìkan dé ìdajì, èkejì ṣì wà ní dídé, omi tútù ń kán lára rẹ̀. Ó ń wo orí àwọn èèyàn kọjá, síbi tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń jáde. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa dé iwájú rẹ̀ tí gbogbo èrò pariwo, òun náà pariwo. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lu ara ọkọ̀ gbà-gbà-gbà.

"Ìjẹ̀bú! Ẹ máa lọ o! Ẹ lọ fi gààrí pa ìbànújẹ́ rẹ́!"

Ó rín ẹ̀rín tó máa ń rín bí ọjà bá tà. Lẹ́yìn náà ló tún na ọrùn síbi tí wọ́n ti ń jáde, ó ń wá mi.

Àwọn ọmọ náà ń ti fèrèsé. Olúwatóyìn yíjú sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ẹ wo àgbàlagbà yẹn, kò tilẹ̀ tijú," ló wí. "Ọmọ́níkẹ́, àdúgbò yín nìyí. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Ó na ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. "Àwọn ará Èkó ò níwà," ló wí. "Jẹ ẹ̀pà."

Mo bù ú, mo ń jẹ ẹ́. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀, mo rí bàbá mi níbi tó dúró sí, ó di Fáńtà tí kò ṣí náà mú, ó ṣì ń dúró dè mí.