Yàrá Tí Akunlé Kò Kùn

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ ná, Baba Ọlọ́dà," ni ajẹ́ńtì onílé rẹ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí àkàbà."

Baba Ọlọ́dà kò sọ̀kalẹ̀. Igun àjà ló ń kùn lọ́wọ́, ọ̀dà igun kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. "Sọ ọ́, ọmọ mi. Etí mi kò sí ní ẹsẹ̀."

Ajẹ́ńtì wo ilẹ̀. "Onílé yín ní owó ilé ti di ìlọ́po mẹ́ta. Tí oṣù yìí bá parí, iye tuntun nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lé akẹ́kọ̀ọ́, wọn kò ríbi sùn mọ́. Àwọn mẹ́ta ni yóò gbé yàrá tí ẹ̀yin nìkan ń gbé, olúkúlùkù wọn á sì san iye tí ẹ̀ ń san."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lára ògiri. Nígbà tó yá, ó tún rìn.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà níbẹ̀. Èmi àti bàbá onílé jọ ní àdéhùn."

"Bàbá ti kú, sà. Ọmọ rẹ̀ ló jogún ilé. Kò jogún àdéhùn."

Baba Ọlọ́dà fa ilà rẹ̀ dé òpin. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ilé tó ń kùn lọ́jọ́ náà, ìkẹsàn-án irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i pé iṣẹ́ ń wọlé. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun wà lára ohun tó ń sọ ìlú di ọ̀wọ́n.

Nígbà tó délé, ó jókòó sórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Eérú ni àwọ̀ ògiri náà, bí àwọn bíríkìlà ṣe fi í sílẹ̀ ló wà. Ẹ̀bá fèrèsé ni àga ìyàwó rẹ̀ wà, ìrọ̀rí kékeré ṣì wà lórí rẹ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti jókòó síbẹ̀.

"Akunlé-ayé-gbàgbé-tirẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń pè é. Tí àlejò bá dé, á nawọ́ sí ògiri. "Ẹ má wò ó o! Ọkọ mi ní àwọ̀ tó tọ́ sí mi kò tíì délé ayé."

"N ó kùn ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," lòun náà máa ń dáhùn.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ti ní irùngbọ̀n funfun. Bí pupa ẹyin ni mo fẹ́ kó rí, kí oòrùn lè máa wà nínú ilé bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ ṣú."

Lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ kú, kò bèèrè mọ́. Ibi àga yẹn ló máa ń jókòó, tí á máa kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ níta, owó ilé ìwòsàn sì ń bẹ láti san, Baba Ọlọ́dà ń kun ilé onílé.

Ọmọbìnrin rẹ̀ pè é lórí fóònù láti ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. "Bàbá mi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Yàrá wà. Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?"

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé gbèsè tí òun jẹ ìyá rẹ̀ wà lára ògiri?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ajẹ́ńtì tún dé, ó ń fọwọ́ ra ọrùn. "Baba, ẹ má bínú. Onílé ní kí n wá akunlé sí yàrá yín kí àwọn ọmọ tó kó wọlé. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ ògiri yẹn tó yín. Owó gidi ni, sà."

"O fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa ipa ẹsẹ̀ mi rẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo rò pé yóò ràn yín lọ́wọ́ ni. N ó wá ẹlòmíràn."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Baba Ọlọ́dà tó pè é padà. Ojú rẹ̀ wà lára àga ẹ̀bá fèrèsé.

"Mo gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì yọjú títí n ó fi parí."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Yàrá kan ṣoṣo? Funfun ni onílé fẹ́ o, baba."

"Mo gbọ́. Funfun ni yóò bá."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kó ẹrù rẹ̀ síta, ó fi sáńpépà ha ògiri, ó dí gbogbo ihò ìṣó. Àga nìkan ló kù nínú yàrá. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọ̀dà yẹ́lò lówó ara rẹ̀. Ó ń dà á sínú funfun díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó pọ̀, ó ń gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ wò, títí ó fi rí bí pupa ẹyin, ó sì fi kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò kánjú. Kò sí ilé olówó kankan tó fi irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kùn rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ bá ọkọ̀ ẹrù dé láti wá kó o lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá mi, ṣé funfun kọ́ ni wọ́n ní?"

"Ọ̀la ni funfun. Yóò gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì kó tó bò ó."

Ọmọ náà wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo àga. Ó fi eteetí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Wọn kò ní mọ̀ pé ó wà lábẹ́."

"Kì í ṣe tiwọn."

Baba Ọlọ́dà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sòkòtò. Ó gbé àga náà kúrò ní ẹ̀bá fèrèsé, ó gbé e sí àárín yàrá níbi tí yóò ti kọjú sí gbogbo rẹ̀, ó sì gbọn eruku orí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ó da garawa òfìfo délẹ̀, ó jókòó lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń dúró kí ọ̀dà gbẹ.