Irun Eréndira

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi okùn kan orí ọmọ yìí kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì," ni ìyá Eréndira wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo irun ọmọ rẹ̀. "Láti ìdájí ni ìyá àgbà ti ń dì í."

Eréndira pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lónìí, ọjọ́ orí tí wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ ńlá fún ọmọbìnrin nílẹ̀ wọn. Aṣọ ńlá tó máa wọ̀ lọ síbi ìsìn ọ̀sán ṣì wà nílé. Ṣòkòtò ló wọ̀ wá sí ọgbà eré, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ti gba òdòdó, ó ti gba oje tó ń mú irun le, ó dúró gbagidi.

Casilda, tó ń tọ́jú rélùwéè eré tó máa ń gòkè, tó sì ń já wálẹ̀, mú awò ìbòjú lọ́wọ́ kan, àkísà olóògùn lọ́wọ́ kejì. Ìlà ti lọ́ dé ẹnu géètì. Awò yìí ló fà á. Ẹni tó bá gbé e wọ̀ á máa rí òkè oníná àti ejò abìyẹ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ nù ún lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún okùn rẹ̀ mọ́ orí ńlá àti orí kékeré. Bí àwòrán bá sì fi díẹ̀ rẹ̀yìn sí ọkọ̀, èébì dé.

Ọ̀gá Evaristo tó ni ọgbà ti sọ ọ́ láàárọ̀: "Bí ìlà yìí ò bá rìn lónìí, mo máa tú irin yẹn tà." Irin tí bàbá Casilda tọ́jú títí ó fi kú. Gbogbo ìgbà òjò ni bàbá máa ń mú un lọ gé ẹ̀ka igi apá ìwọ̀ oòrùn. Òun náà ò tíì dẹ́kun gígé e, ó gbà pé kí ẹ̀ka má bàa gbá èèyàn lójú ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gùn ún lójú lásán," ni Eréndira wí.

"Ọ̀gá ní ta ló máa gun irin àtijọ́ lójú lásán."

"Èmi ni."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Pẹ̀lú oje tó wà lórí yẹn?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ìjì ò lè mì ín."

Casilda wo ìlà, ó wo ọmọ náà, ó ti irin ìdáàbòbò mọ́ ọn láyà.

Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, àwọn tó gbé awò wọ̀ ń di ikùn mú. Eréndira ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, irun ò yẹ̀. "Àǹtí, Don Goyo ń fa sìgá! Bí ẹni pé kí n na ọwọ́ kàn án." Orúkọ tí gbogbo ìlú Puebla ń pe òkè oníná wọn nìyẹn.

Bàbá kan tó wọ gíláàsì ojú sún síwájú. "Èmi náà ò fẹ́ awò. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Ìyá kan tí orí ọmọ rẹ̀ kéré sí awò náà tẹ̀lé e. Ni Casilda bá pín ìlà sí méjì, ìlà ojú lásán sì ń rìn bí omi. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Evaristo wá dúró, ó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gùn ún lágùntúngùn.

"Ta ló ní kó o ṣe báyìí?"

"Irun ni, ọ̀gá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ra ọ̀dà lọ́la. Irin yẹn ti ń dípẹtà."

Nígbà tí ìlà tán, Casilda ní kí ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bá òun tẹ bọ́tìnnì, ó sì jókòó síwájú ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gùn ún kẹ́yìn; nígbà èwe rẹ̀, ńṣe ló máa ń dijú. Lókè téńté, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń falẹ̀ kó tó já, Don Goyo yọ gbangba láàárín àlàfo tí àwọn igi apá ìwọ̀ oòrùn fi sílẹ̀, èéfín rẹ̀ pọ́n nínú oòrùn àṣálẹ́. Casilda wo àwọn igi náà. Kò sí ẹ̀ka kan níbẹ̀ tó lè gùn dé ojú irin láéláé; òkè nìkan ni wọ́n lè dí.

"Bàbá," ló wí, ọkọ̀ sì já.