Ìtumọ̀ Mẹ́fà Nídìí Ẹ̀rọ Mẹ́fà

Ipò ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣófo ní ilé-iṣẹ́ ìránṣọ, ó sì wu Ìyá Sípánà dé eegun. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Etí lásán ló fi ń mọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ nìkan ló kù. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó máa dán an wò sì ti kìlọ̀: ìtumọ̀ mẹ́fà tí "take off" ní lòun máa béèrè.

"Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́fà?" ọkọ rẹ̀ ní. "Àwọn Òyìnbó mà láhun o!"

"Bàbá wọn, sípánà kan náà ló ń tú nọ́ọ̀tì ńlá àti kékeré. Ẹ jẹ́ n kọ́ ọ."

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá kàn kì í wọ orí rẹ̀. Ló bá pín ìtumọ̀ náà fún ẹ̀rọ mẹ́fà tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láràárọ̀, bó bá ti ń da epo sí wọn ló ń kà á: bíbọ́ aṣọ nídìí èkíní, lẹ́yìn náà, bàálù tó gbéra nílẹ̀, gbígba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀dínwó ọjà, òwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń búrẹ́kẹ́. Èyí tó le jù ló fún ẹ̀kẹfà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ́fíìsì òkè ni wọ́n mú un lọ: tábìlì, àga méjì, fèrèsé. Ẹ̀rọ kankan ò sí. Tíṣà béèrè; orí Ìyá Sípánà ṣófo bí agolo epo tó ti tán.

"Ẹ ti gbàgbé ni, mà?"

"Rárá o, sà. Ìsàlẹ̀ ni mo fi wọ́n sí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "A ò ní lọ sísàlẹ̀ o."

Ìyá Sípánà dìde, ó dijú, ó nawọ́, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń da epo tí kò sí sínú ihò tí kò sí. Èkíní jáde. Èkejì jáde. Ó dé ìkarùn-ún láìkọsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka rẹ̀ kan fèrèsé. Ògiri ti tán.

"Márùn-ún ni mo ní, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò ní parọ́."

Tíṣà ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde, ó dijú, ó nawọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń da epo tí kò sí gẹ́lẹ́ bí Ìyá Sípánà ti ṣe.

"Há, Tíṣà! Ẹ wá ń sín mi jẹ!" Ló bá fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Òun ni! Sísín èèyàn jẹ, ìkẹfà nìyẹn!"

"Mi ò gbọ́dọ̀ ràn yín lọ́wọ́," Tíṣà ní, bó ṣe ń kọ mẹ́fà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló ní n má rìn nínú ọ́fíìsì mi? Ó yá, Ọ̀gá, ẹ padà sídìí iṣẹ́."