Wáípà Pijó Bàámi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó, ẹ dúró kí mọ́tò bàbá náà bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Gideon, tí kì í rántí béèrè bóyá Bàámi ti jẹun, di onímọ̀ mọ́tò lọ́sẹ̀ tó gbọ́ pé wáípà Pijó 504 Bàámi kò nu gíláàsì mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Òjò ká Bàámi mọ́ ojú ọ̀nà Eruku, wáípà kọ̀, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún bá yọ orí síta lójú fèrèsé bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ó sì wa mọ́tò bẹ́ẹ̀ dé Òsí. Ó wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Kí n tó bá a wá aṣọ gbígbẹ, ìròyìn ti dé Àbújá. Ìròyìn ò nílò wáípà kó tó rìn nínú òjò.

Àbújá ni Gideon ń gbé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó pè mí, ó sì dá ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ń bọ̀ nílé ní Sátidé fún ìrántí ọdún kan tí màámi kú. Tí òun bá dé tí wáípà ò bá ṣiṣẹ́, òun á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàámi, òun sì ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin tó ń ra irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ló fà á. Ìfẹ́ Gideon kì í wá láìmú oníbàárà dání.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú Bàámi, èmi ni mo mọ ohun tí mọ́tò yẹn jẹ́ fún un. Láti ìgbà tí màámi ti kú, ọjọ́ Sunday nìkan ló ń gbé e dìde lórí àga. Tí ìsìn bá parí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, á wa Pijó lọ sí Ìsọlọ̀-Ọ̀pin níbi tí a sin ìyàwó rẹ̀ sí, á jókòó tì í, á ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un, á sì bú ẹni tó bá yẹ ní bíbú. Kò lè gun ọ̀kadà mọ́, kì í sì í wọ mọ́tò ẹlòmíì. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, orí àga yẹn ni yóò kú sí.

Ni mo bá tọ Japhet lọ. Japhet ni ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà Ìlọ́fà, òun àti ìrẹ̀lẹ̀ kò sì tíì pàdé rí. Ó ti tún wáípà yìí ṣe láìmọye ìgbà. Tó bá ti ṣe é tán, á ní ó parí nìyẹn, kò ní bàjẹ́ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn Sunday mélòó kan, wáípà á tún kú. Ó ti pààrọ̀ fíúsì, ó ti pààrọ̀ súìṣì, ó ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì kékeré tó ń yí apá wáípà. Bàámi nìkan ló kù tí kò tíì pààrọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní tòkunbọ̀ ayé ìsinsìnyí ò dára.

"Àǹtí Ọpẹ́, èmi mọ uṣẹ́ mi," ló wí. "Ulé yín ni kí ẹ yẹ̀ wò."

Mo ní kí ló wà nílé wa tó lè gé wáyà. Ó ní òun ti sọ tòun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Gideon pè wá lórí fídíò. Ó ti wo òyìnbó kan tó tún irú Pijó yìí ṣe nínú gáréèjì tó mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. Ó ní kí Japhet já wáyà búlúù, kó so ó mọ́ pupa. Japhet ní kò sí búlúù, kò sí pupa, gbogbo wáyà inú mọ́tò yìí ló ti jọ ara wọn tipẹ́. Gideon ní kó ṣáà ṣe bí òun ṣe wí. Ó ṣe é. Mo tan súìṣì wáípà, fèrè mọ́tò ló ké dípò rẹ̀, kò sì dákẹ́ títí Japhet fi fa orí bátìrì yọ. Pásítọ̀ kan tó ń kọjá lọ rò pé òun la ń kí, ó juwọ́ sí wa.

"Ẹ ti ń sún mọ́ ọn," ni Gideon wí láti Àbújá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Japhet tún tú ẹ́ńjìnì wáípà. Inú ń bí i, inú ń bí èmi náà. Ó gbé e sọ́wọ́, ó fa wáyà méjì láti bátìrì wá sí i tààrà, ẹ́ńjìnì náà yí. Ó dè é padà sí àyè rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó kọ̀. Ó tú u, ó yí. Ó dè é, ó kọ̀. Ó dúró, ó họ orí. Ó wá mú wáyà kan ṣoṣo, ó fi kan ara ẹ́ńjìnì náà níbi tó wà, ó sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì tí iná ń gbà padà. Wáípà ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì gbígbẹ.

"Ẹ́ẹ̀tì ni," ni Japhet wí.

Ó ní iná tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi jáde, ara irin mọ́tò ló sì ń gbà jáde, níbi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì de ẹ́ńjìnì mọ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Nǹkan funfun àti àwọ̀ ewé ti bo ìdí nọ́ọ̀tì náà, irin ibẹ̀ ti jẹ. Gbogbo ìgbà tí Japhet ti ń tú ẹ́ńjìnì láti pààrọ̀ rẹ̀ ló ń ha ibẹ̀ láìmọ̀, òun ló jẹ́ kí wáípà máa ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì tó ń jù nù kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Japhet kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìtọ́ ọ wò, bí ẹni tí wọn kì í fún lóúnjẹ nílé. Ó fi ìka kan nǹkan funfun náà, ó fi kan ahọ́n.

"Uyọ̀ ni," ló wí. "Bàbá, yèsí ó ń se ọbẹ̀ nínú mọ́tò yín?"

Abẹ́ igi máńgòrò ni Bàámi jókòó sí. Láti àárọ̀ ló ti ń gbà wá nímọ̀ràn láìsinmi. Ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé ìgò kan jáde. Mo mọ ìgò náà. Ti màámi ni.

Aládùúrà ni màámi, Susanna. Bàámi ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì. Nígbà ayé màámi, kí mọ́tò yẹn tó jáde ní àgbàlá, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí omi àdúrà, á wọ́n ọn sójú gíláàsì, á ní kí ọ̀nà là. Bàámi á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọkọ̀, á ní ṣé omi náà ní láísẹ́ńsì. Lẹ́yìn tí màámi kú, mo máa ń rí Bàámi tó ń da omi sójú gíláàsì láàárọ̀ Sunday. Mo rò pé ó ń fọ̀ ọ́ ni, mo tilẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n ńṣe ni màámi máa ń wọ́n omi tirẹ̀. Bàámi tí kò kọ́ ọ rí ń da odindi ìgò, pẹ̀lú iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣàn gba abẹ́ gíláàsì lọ sórí nọ́ọ̀tì.

"Éè ṣe pé mo gbà á gbọ́," ni Bàámi wí. "Yèyé rẹ ló ń ṣe é."

Japhet ní tí kò bá dáwọ́ omi dúró, kí ó lọ wá ríwáyà mìíràn. Mo ní kó kúkú máa dà á sí táyà. Bàámi wò mí bí ìgbà tí mo bú ẹnìkan.

"Susanna éè da omi sí táyà rí."

"Bàámi, Gideon á gbé mọ́tò yìí lọ o."

"Kó gbé e lọ. Mi ò ní jáde ulé láìda omi yèyé rẹ."

Inú bí mi débi pé mo wọlé lọ gún iyán tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Láti ọdún kan ni mo ti ń bẹ ọkùnrin yìí pé kó sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Kò sọ ọ́. Gíláàsì mọ́tò ló lọ ń sọ ọ́ fún. Nínú ìbínú yẹn náà ni mo fi pe Gideon, mo tú gbogbo rẹ̀ sí i létí, òun náà sì tún ẹjọ́ dá. Wáípà ti ṣiṣẹ́, ó gbà, nítorí Japhet ti fi sáńpépà ha irin náà, ó sì ti fi gírísì bò ó. Ṣùgbọ́n tí Bàámi bá tún da ẹ̀kán omi kan sójú gíláàsì yẹn, òun á gba kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù fún Bàámi, ó sì sọ ọ́ fún òun náà.

Ní Sátidé, Gideon dé pẹ̀lú jíìpù tí wáípà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó bá ti gbóòórùn òjò. Ó sọ èyí fún wa kó tó kí wa. Òjò ti ṣú, a múra tán láti lọ sí ibojì. Bàámi jáde nínú kóòtù dúdú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó lọ dúró níwájú Pijó. Gideon na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, a ti jọ sọ ọ́ o," ló wí.

Bàámi ṣí ìgò. Ó wo gíláàsì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ṣí fìlà, ó da omi náà sórí ara rẹ̀. Ó ṣàn gba etí rẹ̀ wọ inú kóòtù.

"Orí tèmi é ní wáyà," ló wí.

Ó yíjú sí mi. Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lánàá ló da tèmi sí, ẹ ṣé o, Bàámi. Ó wá pe Gideon pé kó gbé orí wá. Mo rò pé Gideon yóò ṣàlàyé nǹkan kan fún wa láti orí fóònù. Kò ṣàlàyé. Ó tẹrí ba, Bàámi da ìyókù ìgò sí i lórí, ó sì sọ ọ́ bí màámi ṣe máa ń sọ ọ́, pé kí ọ̀nà là.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí a tó jáde nílùú. Wáípà ń nu gíláàsì, ó ń dún bí àga àtijọ́, Bàámi sì mú orí rẹ̀ sínú ọkọ̀ bí ọmọlúàbí. Iwájú ni Gideon jókòó sí, ṣùgbọ́n kò wo wáípà tó tìtorí rẹ̀ wá láti Àbújá. Fóònù rẹ̀ dún, oníbàárà Ìlọrin ni, kò gbé e. Ojú rẹ̀ ló ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù títí a fi dé Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, nígbà tí a sì dúró nídìí ibojì, kò tíì nù ún tán. Ó ní iyọ̀ ló wọ òun lójú. Mi ò bá a jiyàn.